Ṣé àwòrán kò ní mú ahọ́n ọmọ mi ya ọ̀lẹ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún 4, kò tíì pe "màmá" rí. Tó bá fẹ́ nǹkan, ọwọ́ mi ló máa ń fà lọ síbẹ̀. Bí mi ò bá tètè mọ ohun tó fẹ́, á máa forí gbá ògiri. Wọ́n ní kí n máa fi àwòrán bá a sọ̀rọ̀, àmọ́ ìyá ọkọ mi ní ahọ́n rẹ̀ á ya ọ̀lẹ, pé kí n máa fi nǹkan dù ú títí yóò fi fẹnu ara rẹ̀ bèèrè.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú o. Ìfẹ́ ọmọ ló mú màmá sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ. Àwọn olùwádìí ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọmọ mìíràn tilẹ̀ máa ń pọ̀ sí i díẹ̀. Fífi nǹkan dù ú ló burú. Ẹkún lẹ máa fi kọ́ ọ.

Ọwọ́ yín tó ń fà yẹn, ọ̀rọ̀ ni. Ẹ máa dá a lóhùn: "O fẹ́ ká ṣílẹ̀kùn."

Èmi náà bí irú rẹ̀, mo sì kọ́kọ́ ṣì í ṣe. Mo lẹ àwòrán 20 mọ́ páálí: ife, bọ́ọ̀lù, bàtà, ibùsùn. Tí mo bá ti gbé e jókòó, ó di "Ife dà? Fi ife hàn mí," bíi tíṣà ọjọ́ ìdánwò. Lọ́jọ́ kẹta, ó ju páálí sẹ́yìn àga. Ìgbà tí mo lọ mú un ni mo rí i pé kò síbi tí ọmọ ti lè sọ lórí rẹ̀ pé òun ò fẹ́. Mo ya àtẹ́lẹwọ́ kan, mo kọ "Ó tó" sábẹ́ rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo wá ń tọ́ka. Mo ń wọ bàtà fún un, mo fìka kan bàtà. Mo parí, mo fìka kan "Ó tó". Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá, kò ṣe bí ẹni tó rí mi. Lọ́jọ́ kan, mò ń ya irun rẹ̀, ó na ìka, ó fi kan àtẹ́lẹwọ́ yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbé òòyà sílẹ̀. Irun tí a yà dé ìdajì ló gbé sùn.

Torí náà, kí "sí i", "ó tó", "mi ò fẹ́" àti "ràn mí lọ́wọ́" ṣáájú ife àti bọ́ọ̀lù. Wọ́n wúlò níbi gbogbo. Tí ẹ bá bi í ní nǹkan, ẹ ka 1 dé 10 nínú kí ẹ tó tún sọ̀rọ̀. (Ìyẹn le fún mi, ẹnu mi kì í gbélé.) Bó bá tọ́ka sí "mi ò fẹ́" nígbà tí ẹ ń fún un lóògùn, oògùn á wọlé, àmọ́ ẹ sọ fún un pé ẹ gbọ́. Ẹ má fi ìbínú gba páálí lọ́wọ́ rẹ̀ láé.

Ẹ mú un lọ yẹ etí wò, bó tilẹ̀ dà bíi pé ó ń gbọ́. Ẹ sọ ti ògiri yẹn fún dókítà pẹ̀lú. Etí tàbí eyín lè máa dùn ún.

Ẹ lẹ fọ́tò ìyá ọkọ yín náà mọ́ páálí. Bó bá fìka kàn wọ́n, kí wọ́n tètè dá a lóhùn.