Ta ló ń sanwó ìwádìí lórí títún àbàtà orí òkè ṣe àti ṣíṣí i nípò ní Amẹ́ríkà?

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ ba àbàtà náà jẹ́, bí àwọn tó ń kọ́ dáàmù, ló sábà máa ń sanwó, pẹ̀lú àwọn àjọ ìjọba.

Abala 404 nínú òfin omi ọdún 1972 ló fà á. Ẹni tó bá fẹ́ da iyẹ̀pẹ̀ sí àbàtà gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ U.S. Army Corps of Engineers, ẹ̀ka iṣẹ́ ẹ̀rọ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, wọ́n sì lè ní kó fi òmíràn dípò rẹ̀ lówó ara rẹ̀. EPA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àyíká, náà ń fún àwọn ìpínlẹ̀ lówó ìrànwọ́ fún ètò àbàtà.

Ṣíṣí i nípò gan-an ló le. Àwọn àbàtà kan lórí òkè Rocky Mountains ní Colorado jókòó lórí ewéko tó ti ń kú léra láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà péré ló ń kún un láàárín 1,000 ọdún. Èèyàn lè gé e ní ègé-ègé kó sì kó o lọ, àmọ́ omi abẹ́ ilẹ̀ tó ń mú un tutù kò ṣeé kó. Abájọ tí ìlànà tí Corps àti EPA gbé jáde ní 2008 fi kà á mọ́ ohun tó ṣòro láti rọ́pò: tí kò bá ṣeé yẹra fún, kí wọ́n tún irú rẹ̀ tó ti bàjẹ́ ṣe, tàbí kí wọ́n dáàbò bo èyí tó ṣì dára.

Kì í ṣe gbogbo àbàtà ni òfin ìjọba àpapọ̀ kàn. Láti ìgbà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà ti dá ẹjọ́ Sackett ní 2023, èyí tí omi rẹ̀ kò bá so mọ́ odò tàbí adágún lójú ilẹ̀ ti bọ́ síta, àfi tí òfin ìpínlẹ̀ bá mú un, bíi ti Colorado láti 2024.