Tẹ́ ẹ bá ní ọjọ́ kan péré ní Beijing

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ máa rí yọ nínú ìrìn òwò yín sí Beijing, ẹ wá ń béèrè bóyá èèyàn lè dé tẹ́ńpìlì Confucius, olùkọ́ ńlá ayé àtijọ́ ní Ṣáínà, àti tẹ́ńpìlì Búdà lọ́jọ́ kan náà. Ó ṣeé ṣe dáadáa. Ẹ wọ rélùwéè abẹ́ ilẹ̀, ẹ sọ̀ ní Yonghegong. Yonghegong fúnra rẹ̀ ni tẹ́ńpìlì Búdà, ti Confucius sì wà ní òdìkejì títì, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn débẹ̀. Kó ṣáà má jẹ́ Mọ́ńdè. Èmi lọ ní Mọ́ńdè, mo bá ilẹ̀kùn Confucius ní títì pa, ilẹ̀ ọjọ́ kejì ni mo sì ń wọ bàálù. Ọdún méjì gbáko kí n tó padà rí inú rẹ̀.

Ẹ sá fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹwàá náà: gbogbo Ṣáínà ló ń gba ìsinmi, èrò á gbé yín lẹ́sẹ̀. Ìwé ìrìnnà yín gan-an ni kẹ́ ẹ mú dání, kì í ṣe fọ́tò rẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó dé géètì Yonghegong, àwọn tó ń ta tùràrí á ti yí yín ká. Èmi tí mò ń ṣòwò ní Ìdúmọ̀tà, mo ná an títí, mo ra ìdì ńlá kan, inú mi ń dùn pé mo rà á ní pọ́ọ́kú. Àṣé ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pín in nínú ọgbà! Níbi tí mo ti ń fi ìbínú kánjú wọlé, mo tẹ pákó gíga tó dábùú ẹnu ọ̀nà mọ́lẹ̀. Ìyá àgbà kan gbá mi léjìká, ó tọ́ka sí bàtà mi, ó wá gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ sókè, ó dá pákó náà kọjá kí n lè rí i. N ò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n ó yé mi. Ẹ má sì ya fọ́tò àwọn ère inú ilé o.

Ẹ rìn dé ilé ẹ̀yìn pátápátá. Ère Maitreya wà níbẹ̀, Búdà tí wọ́n ní ó ń bọ̀ wá. Ìtì igi sandalwood kan ṣoṣo ni wọ́n gbẹ́: mítà 18 yọ sókè, mítà 8 wà nínú ilẹ̀. Dalai Lama keje, olórí ẹ̀sìn Búdà ní Tibet, ló fi igi náà ta Qianlong, ọba Ṣáínà, lọ́rẹ. Mo wò ó títí fìlà mi fi jábọ́. Agbẹ́gilére ni bàbá mi àgbà, mo mọ̀ bó ṣe ṣòro tó kí ìtì igi má là kí iṣẹ́ tó parí.

Ní ti Confucius, ẹ má retí ère lórí pẹpẹ. Pátákó tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí ló wà nídìí pẹpẹ, torí olùkọ́ ni. Inú ọgbà ni nǹkan wà: òkúta 198 tí wọ́n fín orúkọ 51,624 sí lára, àwọn tó yege ìdánwò iṣẹ́ ọba tó ga jù láyé àwọn ìdílé ọba Yuan, Ming àti Qing, pẹ̀lú ìlú tí kálukú ti wá. Ó rán mi létí ìgbà tí wọ́n ń lẹ èsì ìdánwò mọ́ pátákó nílé ìwé wa, táwọn òbí ń fi ìka wá orúkọ ọmọ wọn. Òjò ti fọ òmíràn lára àwọn orúkọ ara òkúta náà dànù.

Mo rò pé wákàtí kan á tó mi níbẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ló lé mi jáde nígbà tí wọ́n fẹ́ ti géètì. Torí ẹ̀, Yonghegong ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ láàárọ̀, kẹ́ ẹ fi gbogbo ọ̀sán sílẹ̀ fún Confucius.