Orúkọ waypoint: bó ṣe dún kọ́ ni wọ́n ṣe kọ ọ́

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè bóyá eré lásán ni wọ́n ń fi orúkọ waypoint ṣe, ìyẹn àwọn ojúàmì lójú ọ̀run tí bàálù ń tọ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí èmi tó ń fi bàálù wíwà jẹun dá yín lóhùn. Eré wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n eré kọ́ ló bí i. Púpọ̀ nínú waypoint kò ní òpó, kò ní iná, kò sí ẹ̀rọ kankan nílẹ̀ níbẹ̀. Orúkọ la fi mọ̀ ọ́n. Ìlànà ICAO, àjọ tó ń rí sí ìrìnnà òfurufú lágbàáyé, ni pé kí orúkọ náà jẹ́ lẹ́tà márùn-ún, kó ṣeé pè lẹ́nu, kí irú rẹ̀ má sì sí níbòmíràn lágbàáyé. Nítorí náà, ẹni tó ń wá orúkọ máa ń wo ohun tí ìlú fi lókìkí, á gé e tàbí kó fi lẹ́tà kún un. Bí Kansas City ní Amẹ́ríkà, tó gbajúmọ̀ fún ẹran sísun, ṣe ní BARBQ (ẹran sísun), SMOKE (èéfín) àti RIBBS (egungun ìhà) nìyẹn.

Ibi tó ti ń ni wá lára ni pé etí lè gbọ́ orúkọ kí ọwọ́ má mọ bó ṣe máa tẹ̀ ẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ìjì wà níwájú wa, olùdarí tó ń tọ́ bàálù sọ́nà láti ilẹ̀ ní kí a lọ tààrà sí waypoint kan tí kò sí nínú ètò ìrìnàjò wa. Bí mo ṣe kọ orúkọ náà yàtọ̀ sí bí ẹnìkejì mi ṣe kọ ọ́. Kọ̀ǹpútà bàálù kò mọ tèmi rárá. Ó mọ tirẹ̀, àmọ́ ẹ̀yìn wa ni ìlà ọ̀nà tó fà síbẹ̀ kọjú sí, ibi tó jìn gan-an. A ní kí olùdarí pè é ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó sì pè é láìbínú.

Ẹ má fojú kékeré wo ìyẹn. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá 1995, àwọn awakọ̀ American Airlines 965 tó ń lọ sí Cali ní Kòlóńbíà tẹ lẹ́tà R sínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ redíò atọ́nà tó ń jẹ́ Rozo ni wọ́n ní lọ́kàn. Romeo, ẹ̀rọ atọ́nà mìíràn nítòsí Bogotá, ni kọ̀ǹpútà mú. Bàálù yà sápá òsì, ó forí sọ òkè, èèyàn 159 sì kú. Lẹ́tà kan ṣoṣo mà ni o! Látìgbà tí mo ti ka ìròyìn yẹn, n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí ọ̀nà tuntun láì kọ́kọ́ wo ìhà tí ìlà náà kọjú sí àti bó ṣe jìn tó.

Ṣé kí wọ́n wá fòpin sí àwọn orúkọ apanilẹ́rìn-ín? Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. SMOKE kò lè ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ṣùgbọ́n ní Portsmouth, New Hampshire, ITAWT, ITAWA, PUDYE àti TTATT tò tẹ̀lé ara wọn, ọ̀rọ̀ Tweety, ẹyẹ inú eré àwòrán kan, ni: “I tawt I taw a puddy tat” (mo rò pé mo rí ológbò). Ọmọ Amẹ́ríkà á rẹ́rìn-ín. Awakọ̀ tí kò fi Gẹ̀ẹ́sì dàgbà, tó ń gbọ́ PUDYE láàárín ariwo redíò, ta ló máa sọ fún un pé Y ló ṣáájú E?