Fọ́tò ta ló wà nínú férémù yẹn? Ìdáhùn sí ìbéèrè yín lórí pátákó ìsọfúnni

Lẹ́yìn tí ìwé ìròyìn yìí gbé àwòrán pátákó tó wà lára ògiri kíṣìnnì mi ní Gáà Akanbí, Ìlọrin, jáde, ìbéèrè ò dáwọ́ dúró. Férémù àlòkù ni mo fi ṣe é. Mo yọ ohun tó wà nínú rẹ̀, mo tẹ́ òfì aláwọ̀ eérú sẹ́yìn gíláàsì, a wá ń fi máákà kọ ọ̀rọ̀ ilé sójú gíláàsì náà: ẹni tó máa ra gáàsì, nọ́ńbà iná, ọjọ́ ìpàdé òbí nílé ìwé. Díẹ̀ nínú lẹ́tà yín rèé.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Mo ra férémù onígi ńlá kan lọ́wọ́ àwọn tó ń ti bárò kiri ra àlòkù. Wọ́n gbẹ́ òdòdó sí etí rẹ̀, ó wù mí púpọ̀. Fọ́tò bàbá arúgbó kan tó wọ agbádá ló wà nínú rẹ̀, ó ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Mo fẹ́ sọ ọ́ di pátákó tí a ó máa kọ nǹkan ọjà sí, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi ní òun ò fẹ́ kí n fi férémù òkú ṣeré nínú ilé. Kí ni kí n ṣe? (Ìyàwó ilé, Òmù-Àrán)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ilé o. Ọ̀rọ̀ màmá kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsọdànù, ẹ jẹ́ ká yanjú ti fọ́tò ká tó dé orí férémù. Nígbà tí kò tíì sí fóònù oníkámẹ́rà, èèyàn lè dàgbà darúgbó kó má yà ju fọ́tò kan tàbí méjì lọ. Á wọ aṣọ tó níyì jù lọ, á lọ jókòó nílé onífọ́tò, wọ́n á fọ fọ́tò náà, wọ́n á fi férémù sí i, wọ́n á gbé e kọ́ sí pálọ̀. Tí àwọn ọmọ bá wá túká, tàbí tí wọ́n wó ilé, ẹni tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ lè má mọ ẹni tó wà níbẹ̀, á tà á pọ̀ mọ́ irin àti ike. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan wà nítòsí yín tó ń wá ojú bàbá yẹn kiri.

Nítorí náà, kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ fi fóònù ya fọ́tò náà bó ṣe wà lẹ́yìn gíláàsì. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbi tí oòrùn ò ti ní kọlù ú tààrà, kí ẹ sì fi ara yẹ̀ díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ má bàa kọ mànà lójú gíláàsì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá yọ pákó ẹ̀yìn. Ẹ wo ẹ̀yìn fọ́tò dáadáa. Àwọn onífọ́tò ayé ìjọ́un sábà máa ń lu òǹtẹ̀ síbẹ̀: orúkọ ṣọ́ọ̀bù wọn, ìlú wọn, nígbà mìíràn ọdún pàápàá. Ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún yín, ẹ bi í pé agboolé wo ló ti rí i. Bí ẹ bá rí ẹbí rẹ̀, fọ́tò wọn ni kí ẹ fún wọn. Owó yín lẹ fi ra férémù.

Ti lílẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ gíláàsì, mo bẹ̀ yín, ẹ má fà á. Ojú fọ́tò ni yóò bó sára gíláàsì, kò sì sẹ́ni tó lè dá a padà. Tó bá jẹ́ fọ́tò dúdú-òun-funfun tí wọ́n fọ̀ nínú yàrá òkùnkùn, ẹ gbé gíláàsì àti fọ́tò pọ̀ sínú ọpọ́n omi tútù tó mọ́, kí gíláàsì wà nísàlẹ̀, kí ẹ̀yìn fọ́tò kọjú sókè. Ẹ fi í sílẹ̀ títí yóò fi tú fúnra rẹ̀. Tó bá ń ṣorí kunkun, kó ṣì wà nínú omi. Bó bá ti tú, ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ funfun tó mọ́, ojú rẹ̀ sókè, lábẹ́ òjìji. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi kun àwọ̀ lé fọ́tò náà, tàbí pé ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ló tẹ̀ ẹ́, ẹ má kì í bọ omi rárá o, àwọ̀ rẹ̀ yóò ṣàn lọ. Ẹ fi òun àti gíláàsì rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ lọ gé gíláàsì mìíràn fún férémù.

Inú àpò ìwé ni kí ẹ fi fọ́tò sí, kì í ṣe ọ̀rá, torí ọ̀rá máa ń há ọ̀rinrin mọ́nú. Ẹ kó o lé màmá lọ́wọ́ kí wọ́n bá yín tọ́jú rẹ̀. Èrò tèmi ni pé bí wọ́n bá rí i pé ẹ bu ọlá fún ẹni tó wà nínú férémù, wọn ò ní bá yín jà lórí igi tó yí i ká. Bí wọ́n bá sì ṣì kọ̀, ẹ gbà fún wọn. Férémù ò tán lọ́jà.

Ohun kan tún wà tó jọ èyí. Férémù tó ní Áyátúlì Kúrúsíyù, ẹsẹ Kùránì, nínú pọ̀ nínú àlòkù tí à ń rà ní Ìlọrin. Ẹ má jẹ́ kí ìwé inú rẹ̀ dé orí àkìtàn. Ẹ gbé e fún ààfáà àdúgbò, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́.

ÌBÉÈRÈ: Mo kun gíláàsì férémù ní ọ̀dà dúdú kí àwọn ọmọ mi lè máa fi ṣọ́ọ̀kì kọ iṣẹ́ àṣetiléwá. Ṣọ́ọ̀kì ò mú, ọ̀dà sì ti ń ṣí. Kí ló fà á? (Bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta, Kúléńdé)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ òbí, sà. Ọ̀dà tó ń dán lẹ lò, orí gíláàsì tó ń yọ̀ lẹ sì kùn ún sí. Ṣọ́ọ̀kì ń fẹ́ ojú tó ń ha ọwọ́ díẹ̀. Ẹ yọ gíláàsì kúrò pátápátá. Gíláàsì férémù kì í nípọn, bó bá fọ́, ṣóńṣó ló máa ń fọ́ sí, kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń gbára lé kọ̀wé. Kí ẹ tó yọ ọ́, ẹ fi téèpù bébà lẹ̀ ẹ́ ní àgbélébùú kó má bàa tú ká bó bá là.

Háàdìbọ́ọ̀dù ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ fi sáńpépà ra ojú rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ po ago 1 P.O.P. tí àwọn onísíìlì ń lò mọ́ ago 1 omi títí kò fi ní kókó mọ́, kí ẹ wá da á sínú ago 3 ọ̀dà olómi tí kì í dán. Ago kékeré ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, torí ó ń le, kò ṣeé fi pamọ́ dọ̀la. Ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀kan ní òró, kó gbẹ, kí ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀kejì ní ìbú. Kó sinmi fún ọjọ́ 3. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ ohunkóhun, ẹ dá ṣọ́ọ̀kì dùbúlẹ̀, ẹ fi pa gbogbo ojú pátákó, kí ẹ sì nù ún kúrò. Àìṣe èyí ló ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ máa hàn fírífírí títí ayé.

Ó dùn mọ́ mi nínú tí òbí bá ń ṣe irú èyí. Ọmọ Ìlọrin tó lọ ilé kéwú ti mọ̀ ọ́n lára láti kékeré: wọ́n á fi tàdáà, ìyẹn yíǹkì wọn, kọ sára wàláà, ìyẹn pátákó onígi, wọ́n á kà á, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tún kọ òmíràn.

Tí ẹ bá fẹ́ ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára férémù fúnra rẹ̀, omi ni kí ẹ fi rin sáńpépà, kí àwọn ọmọ má sì sí nítòsí. Ọ̀dà ayé àtijọ́ lè ní òjé nínú, eruku rẹ̀ ò dára fún ọpọlọ ọmọdé.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, àwa mẹ́rin la jọ ń gbé yàrá kan ní Tanke. A fẹ́ ibi tí a lè máa gún ìwé pélébé mọ́: ọjọ́ ìdánwò, ẹni tó kàn láti pọn omi. Lánlọ́ọ̀dù ò fẹ́ rí ìṣó kankan lára ògiri. (Akẹ́kọ̀ọ́, Tanke)

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, lọ bá tẹ́lọ̀ àdúgbò rẹ tọrọ àjákù aṣọ òfì. Ìlú ahunṣọ la wà, kò lè wọ́n ọ. Òfì nípọn, ihò pínnì kì í hàn lára rẹ̀ bíi ti àǹkárá. Gé páálí tẹlifíṣọ̀n ní ìpele mẹ́ta tàbí mẹ́rin, fi gọ́ọ̀mù funfun lẹ̀ wọ́n pọ̀, kí ìlà inú ọ̀kan dábùú èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ kó má bàa tẹ̀. Jẹ́ kó kéré díẹ̀ sí inú férémù, torí òfì tí o máa ṣẹ́ sẹ́yìn yóò gba àyè. Fa aṣọ náà kó le dáadáa kí o tó lẹ̀ ẹ́, kí o sì fi ìwé ńlá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o lo síìlì àtijọ́ dípò páálí, má gbà. Àwọn kan nínú wọn ní asibẹ́sítọ́ọ̀sì nínú, eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Bó bá jẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì lẹ fẹ́ dípò pínnì, mú mágínẹ́ẹ̀tì dání lọ bá àwọn tó ń kan òrùlé. Àjákù páànù onírin yóò fà á, alumíníọ́ọ̀mù kò ní fà á. Ní ti lánlọ́ọ̀dù, ẹ má gbé e kọ́ rárá. Ẹ gbé e lé orí tábìlì kó fara ti ògiri, kí ẹ lẹ rọ́bà pélébé mọ́ ìdí rẹ̀ kó má yọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Orí gíláàsì ni mo ń kọ orúkọ oúnjẹ sí níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Máákà tí ọmọ mi rà kò parẹ́ mọ́. (Olóúnjẹ, Òfà)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà o, Mà. Máákà tí wọ́n fi ń kọ ara páálí ló rà. Ẹ fi sípíríìtì sí òwú, ẹ fi nù ún, yóò lọ. Kí ẹ jìnnà sí iná nígbà tí ẹ bá ń ṣe é o. Máákà pátákó funfun ni kí ẹ máa rà, kí ẹ sì tẹ́ ìwé funfun lásán sẹ́yìn gíláàsì. Aṣọ alárànbarà dára nínú ilé, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lórí ọ̀kadà ní láti rí "àmàlà" kà láti ọ̀ọ́kán.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n fún mọ́sálásí wa ní férémù ńlá kan, a fẹ́ fi ṣe pátákó àkókò ìrun. Igun rẹ̀ ti là, ìyẹ̀fun funfun sì ń jábọ́ lára igi. Ṣé ó ṣì wúlò? (Ládàánì, Òkèlele)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ Ọlọ́run, Bàbá. Kòkòrò tó ń jẹ igi ló ń da ìyẹ̀fun yẹn. Ẹ fi èékánná tẹ igi náà káàkiri. Bó bá wọlé, ẹ má gbé e kọ́ sókè orí àwọn èèyàn. Bó bá ṣì le, ẹ sá a sóòrùn dáadáa, kí káfíńtà fi oògùn igi sínú ihò kọ̀ọ̀kan.

Igun tó là, ọyẹ́ ló sábà ń fà á, torí igi máa ń gbẹ tí yóò sì sún kì. Ẹ ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò kó tó di pé ẹ fi tuntun sí i, torí gọ́ọ̀mù kì í mú lórí gọ́ọ̀mù. Okùn rọ́bà tí wọ́n gé lára túùbù táyà ni kí ẹ fi dì í yí ká. Kó tó gbẹ, ẹ wọn ún láti igun dé igun ní ìdábùú, lọ́tùn-ún àti lósì. Bí méjèèjì bá ṣe déédéé, férémù ò wọ́ nìyẹn.

Ẹ kọ orúkọ ìrun márààrún, láti Àsùbáà dé Ìṣáì, sórí ìwé tó wà lẹ́yìn gíláàsì, kí ẹ fi ọ̀dà kọ ọ́. Àkókò nìkan ni kí ẹ fi máákà kọ sójú gíláàsì, torí òun ló ń yí padà. Ẹ fi ìlà méjì sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún sàárì àti ìṣínu nígbà ààwẹ̀. Ìkọ́ méjì ni kí ẹ fi gbé e kọ́, kì í ṣe ẹyọ kan, ìṣó kọnkéré sì ni kí ẹ lò sára búlọ́ọ̀kù. Kó ga kọjá ọwọ́ ọmọdé, ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń pààrọ̀ àkókò lè dúró lórí ilẹ̀ kọ ọ́ láìgun àga.