Ẹ Bi Wá: Ọjọ́ Jímọ̀ Kọ́ Ni Wọ́n Ń Wo Taj Mahal

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ń lọ sí Íńdíà lóṣù Kọkànlá, ọmọ wa obìnrin tó ń kàwé ní Delhi ló ní ká wá, ó sì ti bá wa háyà mọ́tò àti dírébà fún ọjọ́ márùn-ún. Ètò wa ni pé ká rìn kiri Delhi lọ́jọ́bọ̀, ká lọ sùn ní Agra, ká wo Taj Mahal láàárọ̀ Jímọ̀, ká sì padà sí Delhi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Jaipur wà lọ́nà tiwa tẹ́lẹ̀, àmọ́ bàbá ní àwọn ò rí nǹkan tí àwọn fẹ́ lọ wò níbẹ̀, pé ààfin ni ààfin ń jẹ́. A wá fi Red Fort sí Mọ́ńdè, ká tó wọ bàálù lálẹ́. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? – Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúra o. Ẹ má bínú, ètò yín ti dà rú kẹ́ ẹ tó gbéra. Taj Mahal, ibojì ayaba tó wà ní Agra yẹn, kì í ṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, torí mọ́sálásí wà nínú ọgbà ẹ̀, àwọn tó fẹ́ kírun nìkan ló ń wọlé lọ́jọ́ yẹn. Red Fort, odi ọba tó wà ní Delhi tẹ́ ẹ wá fi sí Mọ́ńdè, Mọ́ńdè gan-an ni wọ́n máa ń tì í. Nínú gbogbo ọjọ́ tó wà lọ́sẹ̀, ọjọ́ tí ilẹ̀kùn wà ní títì lẹ mú fún méjèèjì, àfi bíi pé ẹ mọ̀-ọ́n-mọ̀ ni (ẹ̀rín pa mí, mi ò ní purọ́).

Tó bá jẹ́ èmi ni, Delhi ni màá wà ní Ọjọ́bọ̀ títí di àárọ̀ Jímọ̀, màá ti wo Red Fort kúrò níbẹ̀, ọ̀sán Jímọ̀ ni màá wá kọjú sí Agra. Ọ̀nà márosẹ̀ Yamuna tí wọ́n ṣí lọ́dún 2012 dáa, bíi wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin lẹ máa fi débẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, kí dírébà gbé yín lọ sí Mehtab Bagh, ọgbà kan ní òdìkejì odò, ẹ̀yìn Taj lẹ máa máa wò látibẹ̀, Jímọ̀ ò sì dí i lọ́wọ́. Tó bá di Sátidé, kí ilẹ̀ tó mọ́ kẹ́ ẹ ti wà lẹ́nu géètì, torí nǹkan bí ìdajì wákàtí ṣáájú kí oòrùn yọ ni wọ́n ń ṣí i. 1,100 rúpì ni tíkẹ́ẹ̀tì àlejò, ẹ ó fi 200 sí i tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ inú ibojì fúnra ẹ̀. Ẹ san án jàre, ẹ ò lè rìn jìnnà tó yẹn kẹ́ ẹ wá dúró síta.

Ọ̀rọ̀ tí bàbá sọ nípa ààfin yẹn ni mo fẹ́ bá wọn jà lé lórí díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹbí kan ṣoṣo ni ìrìn àjò yìí látòkè délẹ̀, ìfẹ́ wà níbẹ̀, ogún wà níbẹ̀, ìjà ọmọ ìyá náà wà níbẹ̀. Humayun, ọba kejì nínú ìdílé Mughal tó jọba ní Íńdíà láyé àtijọ́, ṣubú lórí àtẹ̀gùn ibi tó ń kówèé sí lọ́dún 1556, ó sì gbabẹ̀ kú, ìyàwó ẹ̀ Bega Begum ló kọ́ ibojì òkúta pupa fún un ní Delhi. Ìyàwó ló kọ́kọ́ kọ́ ọ fún ọkọ nínú ẹbí yẹn o, ká tó máa sọ ti ọkọ tó kọ́ ọ fún ìyàwó. Akbar ọmọ Humayun ò tíì rí ọmọkùnrin tó máa jogún ẹ̀, àlùfáà kan tó ń jẹ́ Salim Chishti wá sọ fún un pé ó máa bí i, nígbà tó bí i lóòótọ́ ló bá lọ dá ìlú tuntun sílẹ̀ níbi tí àlùfáà yẹn ń gbé, ní 1571. Fatehpur Sikri nìyẹn. Kò lò tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níbẹ̀ tó fi kó kúrò, àwọn ilé náà ṣì dúró gbagidi, títí dòní làwọn tó ń wá ọmọ ń so okùn mọ́ fèrèsé ibojì Salim. Ojú ọ̀nà Agra sí Jaipur gan-an ló wà, bíi kìlómítà ogójì sí Agra, àwọn èèyàn á kàn fi mọ́tò kọjá ẹ̀ bẹ́ẹ̀, inú á máa bí mi.

Shah Jahan ọmọ-ọmọ Akbar ló kọ́ Taj. Ìyàwó ẹ̀ Mumtaz Mahal kú níbi ìkúnlẹ̀ ọmọ kẹrìnlá lọ́dún 1631, ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní 1658, Aurangzeb ọmọ ẹ̀ gbàjọba, ó ti bàbá ẹ̀ mọ́ inú odi Agra títí tí bàbá fi kú ní 1666. Torí náà tẹ́ ẹ bá kúrò ní Taj, ẹ yà sí odi yẹn, kẹ́ ẹ dúró níbi tí bàbá arúgbó yẹn ti ń wo ibojì ìyàwó ẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ ó pẹ́ dé Jaipur lálẹ́ Sátidé, ó tó bẹ́ẹ̀.

Jaipur wá ńkọ́? Àwọn àna nìyẹn! Amber tó wà lẹ́bàá ìlú yẹn ni Akbar ti fẹ́ ọmọ ọba níyàwó lọ́dún 1562. Jai Singh Kejì, ọba Amber, ló tẹ Jaipur dó ní 1727, ọdún 1876 ni wọ́n kùn ún ní àwọ̀ píǹkì torí ọmọ Queen Victoria ń bọ̀ wá kí wọn. Hawa Mahal, ààfin tó ní fèrèsé 953, ẹ yà á ní fọ́tò látìta, ó ti tó. Jantar Mantar, ọgbà àwọn irinṣẹ́ ńlá tí wọ́n fi ń wo oòrùn àti ìràwọ̀, ni kẹ́ ẹ fàkókò fún, aago oòrùn ibẹ̀ ga ní mítà 27, tẹ́ ẹ bá tẹjú mọ́ òjìji ẹ̀ ẹ máa rí i tó ń rìn. Mọ́ńdè, ẹ gba ọ̀nà Delhi láàárọ̀.

Ẹ mú yẹ́lò káàdì dání tó bá jẹ́ Nàìjíríà lẹ ti ń gbéra, wọn kì í fi ṣeré níbẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ mẹ́wàá tẹ́ ẹ gba abẹ́rẹ́. Ẹ mú ìbòmú náà, èéfín ń pọ̀ ní Delhi lóṣù Kọkànlá. Tí dírébà bá ní òun fẹ́ yà yín síbi tí wọ́n ti ń ta òkúta mábù, kọmíṣọ̀n ló ń wá.

Ìbéèrè: Orúnkún ń yọ mí lẹ́nu. Ṣé mo lè gun erin lọ sókè odi Amber? – Bàbá Àgbà

Ìdáhùn: Ẹ gba jíìpù, sà. Ẹ̀yìn àwọn erin yẹn náà ń dùn wọ́n.

Ìbéèrè: Ṣé lóòótọ́ ni pé Shah Jahan gé ọwọ́ àwọn tó kọ́ Taj, kí wọ́n má baà kọ́ irú ẹ̀ míì?

Ìdáhùn: Irọ́ ni, kò sí ẹ̀rí kankan. Òun fúnra ẹ̀ tún gbéṣẹ́ ńlá fún àwọn kọ́lékọ́lé ní Delhi ní 1639, Red Fort yẹn kan náà. Èyí tó jẹ́ òótọ́ ni pé wọ́n dìídì mú òpó mẹ́rin tó yí Taj ká tẹ̀ síta díẹ̀, tó bá máa wó kó má wó lé ibojì. Gbogbo ohun tó wà lápá ọ̀tún ibẹ̀ ló ní ìkejì lápá òsì, àfi ẹyọ kan, ìyẹn sàréè Shah Jahan. Sàréè Mumtaz ló wà láàárín gbùngbùn, ti Shah Jahan ni wọ́n wá fi há ẹ̀gbẹ́ kan.