Orin àpíìrì lẹ́nu ọmọ tí a bí sókè òkun

Ìbéèrè: Ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mí, Kánádà ni mo ń gbé. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 14, máa ń sọ ewì àfẹnusọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì máa ń tún orin Ẹlẹ́mùrè Ògúnyẹmí, olórin Èkìtì nì, kọ, ṣùgbọ́n ohùn Èkìtì kò dúró lẹ́nu rẹ̀. Bàbá mi fẹ́ kí ó ṣeré níwájú ẹbí bí a bá dé ilé ní oṣù Kejìlá. Ṣé kí n gbà?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ òbí. Mo fẹ́ràn ọ̀dọ́ tó lè fi ẹnu lásán, láìsí ìlù, sọ̀rọ̀ títí gbogbo ilé yóò fi pa rọ́rọ́, mo sì fẹ́ràn ẹni tó bá tún orin àgbà kọ láìbà á jẹ́. Àwo akéwì Ọlánrewájú Adépọ̀jù la fi ń jí nílé wa ní Ìkọ̀lé, àwọn ìyá wa sì ń fi àlámọ̀, ewì alohùn àwọn obìnrin Èkìtì, sọ tinú wọn, nítorí náà ohun tí ọmọ yín ń ṣe kì í ṣe àjèjì sí wa rárá.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọbìnrin mi níbi ìsìnkú ìyá ọkọ mi kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ó kọ ewì fún ìyá àgbà ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fi ẹsẹ kan láti inú àpíìrì, orin ìbílẹ̀ Èkìtì, tí màmá fẹ́ràn sí àárín rẹ̀, èyí tó ti fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kọ́ láti orí fóònù. Nígbà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, títí kan àwọn tí kò gbọ́ èdè náà. Bó ti dé ibi orin, ohùn rẹ̀ gòkè níbi tó yẹ kó ti wálẹ̀, gbólóhùn náà sì di ohun tí a kì í sọ níwájú òkú. Ẹ̀rín bú lábẹ́ àtíbàbà. Ìbátan ọkọ mi kan gba máìkì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé e fún ẹni tó gbọ́ èdè. Ọmọ náà kò sunkún, ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà ó bi mí bóyá màmá gbọ́ ohun tó sọ. N kò rí èsì fún un, n kò sì tíì rí i di òní. Ó ṣì ń sọ ewì ní Manchester, ó sì mọ̀ ọ́n sọ gan-an, àmọ́ kò kọ orin Yorùbá lójú èèyàn mọ́, kódà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Àwọn kan nílé ní àwa òbí la fà á. Iṣẹ́ alẹ́ ni èmi àti bàbá rẹ̀ ń ṣe, àwọn olùkọ́ sì ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí a máa bá a sọ; ta ni ìbá kọ́ ọ ní ohùn Èkìtì? Síbẹ̀, bí mo bá gbọ́ tí àwọn ọmọ àbúrò mi ní Adó ń fi èdè ilé wa ṣe àwàdà, àyà mi máa ń já.

Ní ti ọmọ yín, kí bàbá yín kọ́kọ́ máa sọ ọ̀rọ̀ orin náà fún un lórí fóònù bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lásán, nítorí inú ohùn ọ̀rọ̀ ni orin wa ti ń jáde. Kó má tíì fi ìlù kọ̀ǹpútà sí i. Bóyá kó sọ ewì níwájú ẹbí, kó sì kọ orin fún bàbá àgbà nìkan nínú pálọ̀. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìyẹn tó. Ṣùgbọ́n bí ó bá máa kọrin ní gbangba, ẹ wá àwọn ọmọ ẹbí tí yóò máa gbe orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ohùn rẹ̀ má baà dá wà.