Èsì: eyín 48 sí 16 le jù fún òkè Ìbàdàn
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ béèrè bóyá eyín 48 níwájú (lára irin roboto ẹ̀gbẹ́ pẹ́dà tí ṣéènì ń gbà lé) àti 16 lẹ́yìn (lára ti táyà ẹ̀yìn) á dáa fún kẹ̀kẹ́ tó ní jíà ẹyọ kan ṣoṣo n'Íbàdàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Bẹ́ ẹ bá yí pẹ́dà lẹ́ẹ̀kan, táyà ẹ̀yìn á yí lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyẹn dùn lójú títì tó tẹ́jú, àmọ́ lórí òkè Màpó, orúnkún yín ló máa jìyà ẹ̀. Ẹ lo 44 sí 18. Ní ti ṣéènì, èyí tó fẹ̀, ìyẹn 1/8 íǹṣì, máa ń ṣiṣẹ́ lórí eyín tín-ín-rín, ìyẹn 3/32 íǹṣì, ṣùgbọ́n ṣéènì 3/32 kò lè wọ eyín 1/8. Kẹ́ ẹ sì rí i pé eyín iwájú àti tẹ̀yìn bára wọn gún régé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣéènì á máa yọ.